Gbígbé inú bọ́ọ̀sì kiri àwọn ibi tí wọ́n ti ya fíìmù: ìbéèrè àti ìdáhùn láti Òṣogbo

Mo máa ń wa ọkọ̀ tí mò ń sùn sí lọ wo àwọn ibi tí wọ́n ti ya fíìmù, ìbéèrè kan náà ló sì ń padà wá, ní ilé epo, ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, lórí WhatsApp. Mo kó wọn jọ síbí. Ẹni tí kò tíì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹni tó ti ń sùn nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ lè fo ìbẹ̀rẹ̀.

Kí lẹ ń lọ wá níbi tí wọ́n ti ya fíìmù?

Ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ wò. Kámẹ́rà kì í fi gbogbo ibi hàn. Igun kan ni yóò mú, yóò sì gé ìyókù dànù. Tẹ́ ẹ bá dúró síbi tí kámẹ́rà dúró sí, tẹ́ ẹ wá yíjú sẹ́yìn, ẹ ó rí òpó iná, ilé ìwé, ìyá tó ń dín àkàrà, gbogbo ohun tí olùdarí fíìmù kò fẹ́ ká rí. Apá ẹ̀yìn yẹn ló ń wù mí jù.

Ohun tí ọkọ̀ tí à ń sùn sí ń ṣe fún wa ni pé ó ń jẹ́ ká lè dúró. Ẹni tó wọ mọ́tò akérò débẹ̀ lọ́sàn-án gbọ́dọ̀ tètè padà kí ọkọ̀ tó tán ní gáréèjì. Yóò ya fọ́tò méjì, ó di kíá. Ẹni tó bá sùn síbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀: ará ìlú á kí i "ẹ káàárọ̀, ṣé dáadáa lẹ jí," wọ́n á bi í pé ọmọ ibo ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀.

Irú ọkọ̀ wo ló dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀?

Èyí tí mẹkáníìkì ìlú kékeré mọ̀ ọ́n tún ṣe, tí ìpààrọ̀ rẹ̀ sì wà lọ́jà. Lọ́dọ̀ tiwa, Toyota Hiace àti Toyota Sienna ló wà ní ipò yẹn. Tẹ́ ẹ bá yọ àga ẹ̀yìn Sienna, èèyàn méjì tí kò sanra lè sùn sí i. Hiace gba bẹ́ẹ̀dì, àpótí, sítóòfù àti omi, àyè á sì ṣẹ́ kù tí ẹ lè jókòó sí bí òjò bá ń rọ̀. Àwọn ọkọ̀ ńlá tí òyìnbó ṣe fún gbígbé lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí gíláàsì kan tàbí ẹ̀rọ kan bá bàjẹ́ lára wọn ní Òkè-Ògùn, Èkó lẹ ó ti máa wá a, bóyá kó má sí níbẹ̀ pàápàá.

Ẹ yẹ ẹ́ńjìnì, jíà, bíréèkì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ wò kí ẹ tó náwó sórí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹní lásán sínú rẹ̀, kí ẹ sì sùn nínú rẹ̀ nínú ọgbà ilé yín fún bí ọjọ́ mélòó kan. Ohun tó bá ń dà yín láàmú lóru ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kì í ṣe ohun tí ẹ rí nínú fídíò.

Ta ló máa bá mi ṣe inú ọkọ̀ l'Óṣogbo?

Káfíńtà, wẹ́dà àti ríwáyà. Kò sí iṣẹ́ àrà kan níbẹ̀ tí àwọn mẹ́ta yìí ò lè ṣe, bí ẹ bá ti ya àwòrán ohun tí ẹ fẹ́ sórí ìwé, tí ẹ sì fi téèpù wọn inú ọkọ̀ fúnra yín. Kí bẹ́ẹ̀dì ga tó kí àpótí lè wọ abẹ́ rẹ̀, kó má sì ga débi tí ẹ ò ti ní lè jókòó lórí rẹ̀ láìkọlu òrùlé.

Kí ẹnikẹ́ni tó fi dírílì lu ilẹ̀ ọkọ̀, ẹ ní kó kọ́kọ́ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ wò. Páìpù bíréèkì àti ti epo ń gba abẹ́ yẹn kọjá, táǹkì epo náà sì wà níbẹ̀. Ohun tó bá wúwo, bíi bátìrì àti kẹ́ẹ̀gì omi, ìsàlẹ̀ ni kó wà, kí ẹ pín in sí ọ̀tún àti òsì. Ẹ so ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Ìkòkò tí ẹ gbé kalẹ̀ lásán, bí ẹ bá fi agbára tẹ bíréèkì lójijì, yóò fò bọ̀ wá síwájú bí òkò.

Ìwé wo ni ọlọ́pàá tàbí Road Safety máa béèrè?

Pátíkúlà ọkọ̀ tí kò tíì kọjá ọjọ́: láísẹ́ǹsì ọkọ̀, ìwé pé ọkọ̀ yẹ lójú ọ̀nà, ìwé ìbánigbófò, ìwé pé ẹ̀yin lẹ ni ín, àti láísẹ́ǹsì awakọ̀ yín. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbàgbé ni nọ́ńbà ọkọ̀. Akérò ló ń lo nọ́ńbà tí lẹ́tà rẹ̀ pupa, búlúù ni ti aládàáni. Bí ẹ bá ra bọ́ọ̀sì tó ti ń kérò tẹ́lẹ̀, ẹ yí ìwé àti nọ́ńbà rẹ̀ padà. Bí ẹ bá sì kùn ún ní ọ̀dà mìíràn, ẹ jẹ́ kí ó wọ inú ìwé.

Táyà àpòju, jáàkì, ohun ìpaná àti síkọ́ṣọ̀n onígun mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó wọn, kì í ṣe lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn àpótí mẹ́fà. Ní ti gíláàsì dúdú, ó ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Kọ́tìnnì tí ẹ lè ká sókè bí ẹ bá ń wakọ̀ ló rọrùn jù.

Bí wọ́n bá dá yín dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ tan iná inú ọkọ̀ bó bá jẹ́ alẹ́, ẹ kí wọn, kí ẹ sì ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn kí wọ́n rí bẹ́ẹ̀dì àti ìkòkò yín. Ohun tó ń mú wọn fura ni pé wọn ò mọ ohun tó wà lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bá ti rí i, ìbéèrè tó kù ni pé ṣé ẹ̀yin ò ní ilé ni.

Níbo lẹ máa ń sùn sí?

Nínú ọgbà ẹnì kan tó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ìyẹn lè jẹ́ ilé epo tó ní ọlọ́dẹ, ọgbà ìjọ tàbí ti mọ́ṣáláṣí, ọgbà òtẹ́ẹ̀lì kékeré tí ẹ san owó díẹ̀ fún láti gbé ọkọ̀ sí, tàbí iwájú ilé baálẹ̀ ní ìlú kékeré. Ẹ dé kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ bá ọ̀gá ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ sì bá ọlọ́dẹ náà sọ̀rọ̀, torí ọlọ́dẹ ló máa wà níta lóru.

Ẹ má sùn sí ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀. Ẹ má sùn sínú igbó tí ẹ ò mọ olóko rẹ̀. Ibi tó rẹwà tí kò sí èèyàn níbẹ̀ ń wù èèyàn lójú, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ọmọdé ń ṣeré, tí obìnrin ń tajà títí di alẹ́, ni mo máa ń wá.

Ìwẹ̀ ńkọ́? Ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́?

Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì tó ẹnì kan fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta tó bá ń ṣọ́ omi lò. Ẹ pọn ọ̀kan fún mímu àti sísè, kí ẹ fi àmì sí i lára kó má baà dàpọ̀. Ilé epo ńlá, òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìjọsìn ní balùwẹ̀, bí ẹ bá sì tọrọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, owó kékeré fún ẹni tó ń tún un ṣe kò burú. Ẹ ní báketi oníderí pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú igi fún òru. Odò ìlú kì í ṣe balùwẹ̀ àlejò, ẹ má fọ ìkòkò tàbí aṣọ síbẹ̀ láìbéèrè.

Báwo lẹ ṣe ń ríná lò, báwo lẹ sì ṣe ń fara da ooru?

Sólà ni. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ 12V 100Ah sí lára ní agbára bíi wáàtì-wákàtí 1,200 àti díẹ̀. Fáànù kékeré tó ń jẹ wáàtì 20, tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ, 160 ló jẹ níbẹ̀. Ẹ fi fóònù, gílóòbù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká kún un, bátìrì náà á ṣì gbé yín di ọjọ́ kejì. Páńẹ́ẹ̀lì wáàtì 200 lórí òrùlé á dá a padà lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú. Ní oṣù kẹjọ tí ojú ọ̀run máa ń ṣú l'Óṣogbo, ẹ má retí ju ìdajì ìyẹn lọ.

Ẹ fi fóòmù tàbí ohun tí kì í gba ooru wọlé sí abẹ́ òrùlé irin kí ẹ tó fi páákó bò ó. Bí ẹ bá fo èyí, fáànù méjì ò ní ràn yín lọ́wọ́. Ẹ ran nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mọ́ fèrèsé, kí ẹ lè ṣí i sílẹ̀ sùn. Ẹ wá abẹ́ igi fún ọ̀sán, ṣùgbọ́n ẹ wo òkè kí ẹ tó páàkì: ẹ̀ka gbígbẹ àti àgbọn ti fọ́ gíláàsì ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ṣé mo lè tan jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ sùn?

Rárá. Èéfín ẹ́ńjìnì ní afẹ́fẹ́ májèlé kan tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì lè rí. Ẹni tó ń fà á símú lójú oorun kì í jí. Jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tàbí lẹ́yìn búùtù, gbogbo rẹ̀ kan náà ni. Sítóòfù gáàsì àti iná èédú náà kò gbọ́dọ̀ jó nínú ọkọ̀ tí ẹ ti pa gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ dé. Ìta ni kí ẹ ti sè, tàbí, bó bá jẹ́ gáàsì nìkan, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbayawu.

Ṣé ìlú tí wọ́n dárúkọ nínú fíìmù ni wọ́n ti ya á?

Ó ṣọ̀wọ́n. Ẹ ò lè wakọ̀ dé Jogbo inú fíìmù Saworoidẹ, torí kò sí lórí máàpù. Ìlú Akótè ni ìtàn October 1 ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n Ìlárá-Mọ̀kín nítòsí Àkúrẹ́ ni Kúnlé Afọláyan ti ya púpọ̀ nínú rẹ̀. Ayé Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni Aníkúlápó, tó jáde ní 2022, ń sọ, àmọ́ Igbójayé ní Òkè-Ògùn ni wọ́n kọ́ ààfin àti ọjà inú rẹ̀ sí.

Nígbà míì, ìlú náà máa ń jẹ́ òun gan-an. Túndé Kèlání ya Ayinla, tó jáde ní 2021, ní Abẹ́òkúta, níbi tí Àyìnlá Ọmọwúrà ti gbé ayé rẹ̀, tó sì kú sí ní 1980. Irú ibẹ̀ yàtọ̀. Ẹ lè dúró ní àdúgbò kan kí àgbàlagbà tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà sọ fún yín bí ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ṣe rí, kó sì bá fíìmù jiyàn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tí wọ́n ti ya fíìmù kan?

Ẹ jẹ́ kí fíìmù parí. Orúkọ ìlú, ọba àti àwọn tí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn wà nínú ìwé tó ń gòkè lẹ́yìn ìparí. Ẹ ka ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò olùdarí. Ẹ dá àwòrán dúró kí ẹ wo ohun tí kò ṣeé fi pamọ́: bí òkè ṣe rí, àwọ̀ ilẹ̀, irú ọ̀pẹ tó pọ̀, ilé alájà tó ní fèrèsé àtijọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu ni. Àwọn tó ń gbé iná, tó ń se oúnjẹ, tó ń wakọ̀ fún àwọn òṣèré mọ lokéṣọ̀n ju ẹnikẹ́ni lọ, púpọ̀ nínú wọn sì ń gbé Òṣogbo, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Àwọn awakọ̀ ní gáréèjì náà ń rántí ọjọ́ tí wọ́n dí ọ̀nà fún wọn nítorí kámẹ́rà.

Láti Òṣogbo, níbo ni kí n kọ́kọ́ lọ?

Ilé-Ifẹ̀. Ẹ gba Ẹdẹ àti Ṣẹ́kọ́nà, kò jìnnà, bí nǹkan bá sì dojú rú ẹ lè padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára ibi tí wọ́n ti ya fíìmù Citation, tó jáde ní 2020. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn ilé ńlá rẹ̀: àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ kí òjìji lè bo fèrèsé, afẹ́fẹ́ sì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Nínú fíìmù, ẹwà nìkan lẹ máa rí. Ẹ ní láti dúró lábẹ́ rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán kí ara yín tó gbọ́ ìdí tí wọ́n fi kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má rò pé ẹ máa sùn nínú ọgbà ilé ìwé. Ẹ jáde kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìrìn kejì, ẹ gba Iléṣà lọ sí Ìlárá-Mọ̀kín. Ẹ yà sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lọ́nà, níbi ìṣàn omi Olúmirìn tó ń já bọ́ láti ìpele méje, kí ẹ sinmi níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Abẹ́òkúta, pẹ̀lú Òsósà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ìlú Hubert Ògúndé. Ẹni tó bá fẹ́ràn fíìmù Yorùbá gbọ́dọ̀ dé Òsósà. Ìgbà tí Ògúndé gbé Aiyé àti Jáiyésinmi jáde, ní nǹkan bí 1979 sí 1981, ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ rí ohun orí ìtàgé lójú àwòrán ńlá.

Ṣé Òṣogbo fúnra rẹ̀ ní ohun tó yẹ ní wíwò?

Ó pọ̀, àwa tó ń gbé ibẹ̀ ni ò kà á sí. Kí fíìmù tó dé, orí ìtàgé ló wà, Òṣogbo sì jẹ́ ojúlé rẹ̀. Ibí ni Dúró Ládipọ̀ ti dá Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré àti oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní 1962. Ibí ni ẹgbẹ́ òṣèré Kọ́lá Ògúnmọ́lá fìdí kalẹ̀ sí. Ọmọ ìlú yìí náà ni Oyin Adéjọbí tó ṣe Kóòtù Aṣípa. Ọ̀nà tí àwọn òṣèré wa fi ń gbé ohùn àti bí wọ́n ṣe ń fi orin gbé ìtàn, ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn yìí ló ti ṣàn wá. Ẹ dé ilé Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà tó di olórìṣà, ní ọ̀nà Ìbòkun. Ẹ dúró níta kí ẹ wo sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi ṣe ọgbà rẹ̀ kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn.

Ṣé wọ́n máa jẹ́ kí n ya fídíò nínú Igbó Ọ̀ṣun?

Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló ń mójú tó igbó náà. Ẹ máa san owó ìwọlé, kámẹ́rà sì ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ó bá jẹ́ fíìmù fún títà tàbí ìpolówó, ìwé lẹ máa kọ ṣáájú. Ẹ̀yìn ọgbà ni ọkọ̀ dúró sí, kò sì sí sísùn nínú igbó.

Ibẹ̀ tóbi tó hẹ́kítà 75. UNESCO fi í sára ogún àgbáyé ní 2005. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó gbé kámẹ́rà ni pé ojúbọ ni gbogbo rẹ̀ ṣì jẹ́ lónìí. Ère tí ẹ fẹ́ fara tì ya fọ́tò, ẹnì kan wá kúnlẹ̀ síbẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ ò gbọ́dọ̀ pẹja nínú odò náà, ẹ ò gbọ́dọ̀ dọdẹ, ẹ ò gbọ́dọ̀ gé igi. Àwọn ọ̀bọ ń já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ èèyàn, torí náà ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ẹ lọ láàárọ̀ kùtùkùtù. Ìmọ́lẹ̀ máa ń gba àárín ewé wọlé ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, á bọ́ sára ògiri tí Àdùnní àti àwọn bíi Adébísí Àkànjí fi sìmẹ́ǹtì mọ. Ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ ó rí ìka ọwọ́ ẹni tó mọ ọ́n níbi tó ti tẹ̀ ẹ́ kó tó gbẹ, ewéko wẹ́wẹ́ sì ti hù sínú ihò náà. Fóònù kì í mú un dáadáa. Ẹ fi ojú wò ó.

Ní ọdún Ọ̀ṣun, oṣù kẹjọ, èrò máa ń pọ̀ débi pé ẹ ò ní rí ibi gbé ọkọ̀ sí nítòsí. Ẹ fi í sílẹ̀ ní apá kejì ìlú, kí ẹ wọ ọ̀kadà wá. Bí arugbá bá ń kọjá, ẹ kúrò lójú ọ̀nà. Kò sí fọ́tò kankan tó tó kí ẹ torí rẹ̀ dí i lọ́nà.

Igbójayé ńkọ́? Ṣé èèyàn lè kàn dé ibẹ̀?

Ẹ gba Ìwó, Ọ̀yọ́, Ìsẹ́yìn, kí ẹ tó kọrí sí àárín Òkè-Ògùn. Abúlé fíìmù tó wà níbẹ̀ ní onílé, òwò ni, wọ́n sì máa ń gba àlejò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ wọlé. Ẹ pè kí ẹ tó gbéra. Ọ̀nà náà jìn, ibi tí ẹ ti lè rí epo kò sì tò pọ̀ bíi ti títì Ìbàdàn, nítorí náà ẹ kún táǹkì ní Ìsẹ́yìn.

Ẹ fi ọjọ́ kan fún Ìsẹ́yìn fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń hun aṣọ òkè máa ń na òwú síwájú gbọọrọ lórí ilẹ̀, wọ́n á fi òkúta so ó kó le dáadáa, wọ́n á wá máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ ti ń gùn sí i. Aṣọ tí ẹ rí lára ìjòyè nínú fíìmù, irú ọwọ́ báyìí ló hun ún. Ìgbà tí ẹ bá padà wo fíìmù náà, ẹ ò tún ní fojú kékeré wo aṣọ.

Mo débẹ̀, wọ́n ti tú ilé inú fíìmù ká. Ṣé òfo ni?

Páákó, koríko àti amọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ púpọ̀ nínú wọn, òjò ọdún kan tó láti wó o. Ẹ wá òkè àti igi, àwọn ni kò kúrò. Ẹ mú àwòrán tí ẹ dá dúró nínú fíìmù dání lórí fóònù, ẹ máa rìn sẹ́yìn sẹ́yìn títí ìlà òkè yóò fi bá ti àwòrán mu. Inú mi máa ń dùn gan-an lákòókò yẹn, kódà bí àgbàdo bá ti hù níbi tí ààfin wà.

Báwo ni mo ṣe máa ṣírò owó epo?

Ẹ kún táǹkì dé ẹnu, kí ẹ kọ nọ́ńbà kìlómítà sílẹ̀. Ẹ rìn ín bí ẹ ti máa ń rìn ín, pẹ̀lú gbogbo ẹrù. Ẹ tún kún un dé ẹnu, kí ẹ fi iye lítà tó wọlé pín kìlómítà tí ẹ rìn. Ìyẹn ni iye kìlómítà tí lítà kan máa gbé ọkọ̀ tiyín dé. Ẹ má lo ti ọ̀rẹ́ yín. Òkè Ìjẹ̀ṣà àti ọ̀nà tó bàjẹ́ á mú kó jẹ epo sí i, nítorí náà ẹ fi ìdá márùn-ún kan lé iye epo tí ẹ bá ṣírò fún ìrìn náà.

Ṣé ọ̀nà kò léwu?

Àwọn ọ̀nà kan léwu, kò sì yẹ ká máa bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Ìjínigbé ń ṣẹlẹ̀. Mi ò kì í rìn lóru, mi ò sì kì í gba ọ̀nà abúlé tí mi ò tíì béèrè nípa rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Gáréèjì ni kí ẹ ti béèrè, lọ́wọ́ awakọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé. Bí ó bá ní kí ẹ má lọ, ẹ má lọ. Fíìmù náà á ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ fi ìrìn yín tó ẹnì kan létí nílé, pẹ̀lú aago tí ẹ máa pè. Nọ́ńbà Road Safety ni 122, ti pàjáwìrì ni 112. Ẹ má fi ibi tí ẹ wà sórí Facebook àfi ìgbà tí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀.

Obìnrin ni mí, mo sì fẹ́ dá lọ. Kí lẹ sọ?

Àwọn obìnrin ń ṣe é. Ohun tí wọ́n ń sọ fún mi bára mu: ẹ wá ìyá kan ní ìlú náà kí ẹ tó wá ibi tí ẹ máa páàkì. Ìyá olóúnjẹ, ìyá ìjọ, ìyálọ́jà. Bí ìyá náà bá ti gbà yín ní ọmọ, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ á máa pè yín ní àǹtí. Kí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ lè tì láti inú, kí ọ̀nà sì wà láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ìjókòó awakọ̀ láìjáde síta.

Ṣé mo lè lo drone, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò tó sì ń ya fídíò láti òkè?

Kì í ṣe láìgba àṣẹ. Àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò ló ń fún èèyàn ní ìwé rẹ̀. Ní ìlú kékeré, ohun tó bá ń ké lójú ọ̀run á kó gbogbo ìlú jáde, wọn ò sì ní fi ẹ̀rín pàdé yín.

Wọ́n ń ya fíìmù lọ́wọ́ nígbà tí mo débẹ̀. Ṣé mo lè dúró wò?

Ẹ páàkì síbi tó jìnnà, kí ẹ pa ẹ́ńjìnì, torí ariwo rẹ̀ á wọ inú ohùn. Ẹ wá ẹni tó ń darí àwọn èrò, kì í ṣe òṣèré tí ẹ mọ̀. Bí ó bá ní kí ẹ dúró síbì kan, ẹ má kúrò níbẹ̀. Ẹ má ya fọ́tò aṣọ tàbí ilé tí wọn ò tíì gbé jáde. Iṣẹ́ oòjọ́ àwọn èèyàn ni.

Ilé onílé ni wọ́n ti ya á. Ṣé kí n kan ilẹ̀kùn?

Ẹ dúró lójú títì kí ẹ wò ó, ìyẹn kò burú. Bí ẹ bá fẹ́ wọlé, ẹ lọ bá aládùúgbò kó mú yín lọ. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ẹ kúnlẹ̀ fún àgbà, ẹ sọ ibi tí ẹ ti wá kí ẹ tó dárúkọ fíìmù rárá. Ẹ béèrè ìlera wọn. Ẹ jókòó bí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó, kí ẹ sì mu omi tí wọ́n bá gbé fún yín.

Ẹ mọ̀ pé àwọn onílé kan ò rí owó tí wọ́n ṣèlérí fún wọn gbà lẹ́yìn tí àwọn oníkámẹ́rà lọ. Bí ẹ bá débẹ̀ tí ojú wọn kò dán, ó lè má jẹ́ tiyín. Ẹ má jiyàn, ẹ má fi fóònù dojú kọ wọ́n. Ní ààfin, ẹ má wọlé láìsí ẹni tí yóò mú yín débẹ̀, kí ẹ sì béèrè ibi tí ẹsẹ̀ àlejò kì í dé.

Ibi tí wọ́n ya jẹ́ igbó orò tàbí ojúbọ tí wọn kì í jẹ́ kí àjèjì wọ̀. Àwọn eléré sì wọ̀ ọ́. Ṣé èmi náà lè wọ̀ ọ́?

Rárá, àfi bí àwọn tó ni ín bá mú yín wọ̀ ọ́. Ẹ ò mọ ètùtù tí wọ́n ṣe kí kámẹ́rà tó wọlé, ẹ ò sì mọ̀ bóyá igbó mìíràn ni wọ́n lò, tí wọ́n sì fi jọ ọ́. Ààlà máa ń wà, bíi màrìwò tí wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ yín á dúró, kámẹ́rà yín náà sì ni.

Bí ìlú bá kéde ìsémọ́lé nítorí Orò nígbà tí ẹ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo yín, ó sì kan obìnrin jù. Kọ́tìnnì ọkọ̀ kì í ṣe ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá tètè gbọ́, ẹ wakọ̀ kúrò ní ìlú náà lójúmọmọ. Bí ẹ ò bá lè kúrò, ẹ lọ bá baálé tí ẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ní kó fún yín ní yàrá nínú ilé, kí ẹ ti ọkọ̀ pa, kí ẹ sì dúró sínú yàrá náà títí tí òun fúnra rẹ̀ á fi wá sọ fún yín pé ó ti parí.